Ìlú Abẹ́ Ilẹ̀ ní Bohicon àti Ilẹ̀ Tí A Fẹ́ Gbẹ́ ní Ẹgàn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Àwọn ọmọ ìlú tí kò sí nílé ló ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.)

  Akọ̀wé fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Ó ti sọ fún mi pé tó bá di mọ́kànlélógún, òun á gba máìkì lọ́wọ́ mi, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣàwàdà.

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá ròyìn ìlú abẹ́ ilẹ̀ tí mo lọ wò ní orílẹ̀-èdè Benin. Kì í ṣe Benin àwọn Ẹ̀dó o. Benin tí àwọn àgbà wa ń pè ní Dàhòmì ni mò ń wí. Ṣùgbọ́n mo tọrọ àyè lọ́wọ́ alága pé kí n tó jókòó, mo fẹ́ so ọ̀rọ̀ náà mọ́ títì àti gọ́tà tí à ń dá owó fún lọ́wọ́ báyìí. Ó gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ apá méjèèjì.

Ọ̀nà ibẹ̀ ò le. Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹ já sí Ìyánà-Ìbà, ẹ gba ọ̀nà Badagry dé Sẹ̀mẹ̀. Ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi dé Kùtọnu. Ní Kùtọnu, ẹ kẹ̀yìn sí òkun, ẹ gba ọ̀nà Allada lọ. Lẹ́yìn ìrìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ẹ dé Bohicon. Ìlú ọlọ́jà ni, oríta ni, ariwo ọkọ̀ àti alùpùpù ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ìkòtún. Abomey tí àwọn ọba Dàhòmì fi ṣe olú-ìlú kò ju kìlómítà 9 sí ibẹ̀. Àwọn tó ń lọ wo ààfin Abomey, tí UNESCO ti kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti 1985, ni wọ́n máa ń yà sí Bohicon. Ọ̀pọ̀ wọn kì í yà rárá. Èmi gan-an, ààfin ni mo bá lọ, kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé ohun kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Agongointo. Ọ̀kadà ni mo gùn débẹ̀. Zemidjan ni àwọn ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́kàn yín. Tí ẹ bá gbọ́ “ìlú abẹ́ ilẹ̀”, ẹ má rò pé títì wà lábẹ́ ilẹ̀, pé ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, pé èèyàn ń rìn láti òpin kan dé òpin kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá ni wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, púpọ̀púpọ̀, tí wọ́n gbẹ́ sínú yangí. Orí ilẹ̀ tẹ́jú, igi wà níbẹ̀, koríko wà níbẹ̀. Ẹ lè rìn kọjá lórí ibẹ̀ kí ẹ má mọ̀ pé ilé ni ẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan dín bí ẹnu kànga. Tí ẹ bá yọjú wò ó láti òkè, ẹ ó ní kànga ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń fẹ̀, títí á fi di yàrá. Àwọn mìíràn ju yàrá kan lọ. Jíjìn wọn tó bí mítà 10. Ẹ gbé ilé alájà mẹ́ta sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, agbára káká ni òrùlé rẹ̀ á fi yọ. Kò sí òpó níbẹ̀, kò sí pákó, kò sí irin, kò sí sìmẹ́ńtì. Yangí fúnra rẹ̀ ló ń gbé orí ara rẹ̀ dúró láti nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé. Ẹ̀yin tí ẹ ti pe agbẹ́kànga sílé rí mọ ohun tí mò ń sọ. Yangí máa ń rọ̀ fún ọkọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ sí i tán, á le bí òkúta. Àwọn tó gbẹ́ ibẹ̀ mọ ilẹ̀ wọn. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n lò, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, èmi tí mo ti sanwó gbígbẹ́ kànga rí, ni pé: níbo ni wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí? Kànga kékeré kan ṣoṣo lásán, òkìtì tó máa ń jáde nínú rẹ̀ á dí ojúde. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ sá pamọ́ fún ọ̀tá lóòótọ́, òkìtì erùpẹ̀ pupa tuntun ti tó láti tú wọn fó. Àfi kí wọ́n máa rù ú lọ sọ́nà jíjìn lóru, agbọ̀n kan lẹ́yìn agbọ̀n kan. Ẹ ro iye èèyàn tí èyí á gbà. Ẹ tún ro irú ìjọba tó lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ tí gbogbo èèyàn á sì pa ẹnu mọ́.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ayé ọba Dakodonou, ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, ni wọ́n gbẹ́ wọn. Ó wà lára àwọn ọba àkọ́kọ́ níbẹ̀, kí Houegbadja tó tẹ Abomey dó dáadáa. Wọ́n ní àwọn ọmọ-ogun ló ń wọ inú ihò náà. Tí ọ̀tá bá ń bọ̀, wọ́n á wọlé, wọ́n á fi nǹkan bo ẹnu rẹ̀. Ọ̀tá á dé, kò ní bá ẹnì kankan, á máa yan kọjá. Ìgbà náà ni wọ́n á jáde sí i láti ẹ̀yìn. Àwọn onímọ̀ kan tún wo ọ̀rọ̀ omi mọ́ ọn, torí pé orí òkè tó tẹ́jú ni Abomey wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn gan-an níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi kò sì sí nítòsí. Ihò tó bá ti wà nílẹ̀ lè di ibi ìtọ́jú omi òjò. Lójú tèmi o, méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Ilé ogun àná lè di ìkòkò omi lónìí, bí ilé ìwé wa kan náà ṣe ń di ibi ìdìbò, tó tún ń di ibi àpèjẹ.

Orúkọ Abomey fúnra rẹ̀, ní èdè Fọ̀n, “inú yàrà” ló túmọ̀ sí. Wọ́n gbẹ́ yàrà yí ìlú náà ká. Nítorí náà, ilẹ̀ gbígbẹ́ ni ogun àwọn èèyàn yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń wò mí tìfuratìfura. Bàbá kan ti bi mí lánàá pé, “Kí lo lọ wá nínú ihò Dàhòmì?” Ìbéèrè náà ò burú. Kò sí ilé Yorùbá kan ní apá ìwọ̀-oòrùn yìí tí wọn ò ti fi orúkọ Dàhòmì dẹ́rù ba ọmọ rí. Wọ́n ja Abẹ́òkúta lógun ní 1851, wọ́n padà wá ní 1864, Ẹ̀gbá lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kétu ò ríbi lé wọn. Ní 1886 wọ́n fọ́ ọ, wọ́n kó èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Ẹ tún rántí pé àwọn náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn sí wa: kí ọba Ghezo tó gorí ìtẹ́ ní 1818, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Ọmọkùnrin tó ń fi ibẹ̀ hàn wá bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní Èkó, mo ní Yorùbá ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó nà mí ní ọwọ́ kí n lè sọ̀kalẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ẹ rọra o, ìgbà yìí a ò ní jáde sí yín láti ẹ̀yìn.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, nígbà tí mo wà ní ìsàlẹ̀ tí mo gbójú sókè, tí mo rí ojú ọ̀run róbótó bí àwo kékeré, mo ronú nípa àwọn tó ń rìn kọjá lórí ilẹ̀ nígbà náà tí wọn ò mọ nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn wa wà nínú wọn.

Àwa náà sì ti sá wọ abẹ́ ilẹ̀ rí. Abẹ́ òkúta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí kí Abẹ́òkúta tó di ìlú ní 1830. Ẹni tó bá ti lọ síbẹ̀ á ti rí àwọn yàrá abẹ́ òkúta tí wọ́n gbé. Nítorí náà ẹ má fi ojú ọ̀tá nìkan wo ihò Agongointo. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà ló ń gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ dìde lónìí. Báwo ni wọ́n ṣe rí ibẹ̀? Kì í ṣe pé ẹnì kan lálàá. Iṣẹ́ títì ni. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ ará Denmark kan ń ṣe títì ní Bohicon. Katapílà ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ sì lanu. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn tó ń ṣe títì máa ń ṣe tí wọ́n bá kan ihò. Wọ́n á já erùpẹ̀ típà méjì tàbí mẹ́ta sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ á tẹ̀ síwájú, torí pé ọjọ́ tí wọ́n máa parí iṣẹ́ ti wà nínú ìwé. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n. Láti ibẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn Denmark àti ti Benin ti fọwọ́ so pọ̀, lára wọn ni Klavs Randsborg àti Inga Merkyte láti Yunifásítì Copenhagen. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà. Lónìí páàkì ni ibẹ̀, wọ́n ṣọ́gbà yí i ká, èèyàn ń sanwó wọlé.

Ohun tó gba ìlú náà là ò ju wákàtí mélòó kan lọ, láàárín ìgbà tí ilẹ̀ lanu àti ìgbà tí ẹnì kan ní “ẹ dúró.” Ká ní ẹni náà ò sí níbẹ̀ ni, mi ò bá má ní nǹkan tí mo máa ròyìn fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé. Ilé lásán, bí èyí tí ẹ̀yin náà ń kọ́. Wọ́n kan orí tí wọ́n fi bàbà rọ, wọ́n tún kan òmíràn, ó ju mẹ́wàá lọ. Gbogbo ayé mọ̀ wọ́n lónìí. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ndọ̀nù. Ẹ tún wo ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ní Ifẹ̀ bákan náà, tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwoo, obìnrin, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Àpáàdì wọ̀nyẹn wà lábẹ́ ilé, wọ́n wà lábẹ́ ọ̀nà ọkọ̀, òjò ń fọ ọ̀pọ̀ wọn lọ nínú gọ́tà. Ìpínlẹ̀ Èkó tiwa náà ń kó? Eredo, yàrà Sùngbọ́, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó bí kìlómítà 160, tí jíjìn rẹ̀ tó mítà 20 níbòmíràn, apá kan rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Èèyàn mélòó nínú wa ló ti dúró létí rẹ̀ rí?

Fún àwọn ọmọ wa tó máa ka èyí ní ìlú Òyìnbó: tí ẹ bá dé Edinburgh, ẹ lọ wo Mary King's Close. Ọ̀nà tóóró tí èèyàn ń gbé ni tẹ́lẹ̀. Láti 1753 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ńlá ìlú lé e lórí. Wọ́n gé orí àwọn ilé náà, wọ́n fi ìsàlẹ̀ wọn ṣe ìpìlẹ̀. Yàrá wọn ṣì wà níbẹ̀, láti 2003 ni wọ́n ti ṣí i dáadáa fún èrò. Àwọn wọ̀nyẹn kọ́lé lé e lórí, wọn ò sì bà á jẹ́ tán. Nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé mo ní ká má kọ́lé, ká má ṣe títì. Mo ní ọmọ tó ń fi bàtà lọ́wọ́ rìn nínú ẹrẹ̀ lọ síléèwé bíi tiyín.

Ẹgàn ńkọ́? Mi ò wá sọ fún yín pé ìlú kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi í bó ṣe mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Àwórì ni wá, pé àwọn bàbá wa ń pa ìtàn Olófin Ògúnfúnmiire àti àwo tó rì ní Ìṣẹrí fún wa, àti pé èèyàn ti gbé lórí ilẹ̀ yìí kó tó di pé ẹnikẹ́ni ta púlọ́ọ̀tì. Níbi tí èèyàn bá gbé, ohun á kù sílẹ̀. Kànga á kù, ẹ̀yìn ààrò á kù, àkìtàn á kù, àpáàdì á kù. Òkú àwọn àgbà tí wọ́n sin sínú ilé á kù, torí pé bí Yorùbá ṣe ń sìnkú nìyẹn tẹ́lẹ̀. Ìdí tí a ò fi mọ ibi tí wọ́n wà ni pé a ò kọ ọ́ síbì kankan. Orí àwọn àgbà mélòó kan ló wà, àwọn àgbà náà sì ń lọ.

Lójú tiwa yìí ni oko di ẹ́sítéètì láti Ìgandò títí dé Àkẹ̀sán. Mi ò bá ẹni tó talẹ̀ jà. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, ó sì ní ọmọ tó fẹ́ rán lọ sílé ìwé. Ohun tó ń dùn mí ni pé a tà á kí ẹnikẹ́ni tó kọ orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, orúkọ tí bàbá wa ń pe etí odò kan ti sọnù, orúkọ ẹni tó ra púlọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ló wà lára pátákó títì. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù tí ẹ kì í ṣe ọmọ bíbí ibí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bí yín nínú. Ẹ̀yin lẹ ń gbẹ́ sọkawé jù. Ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ kan nǹkan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe kì í náwó. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú kọntirátọ̀ títì àti gọ́tà, kí wọ́n kọ gbólóhùn kan sínú ẹ̀: pé tí àwọn agbẹ́lẹ̀ bá kan ihò tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀, tàbí ìkòkò tó pọ̀ lójú kan, tàbí egungun, kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró níbẹ̀, kí wọ́n pe alága. Alága á pe àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ohun àtijọ́, NCMM. Òfin 1979 tó dá àjọ náà sílẹ̀ ti ní kí ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n gbọ́, nítorí náà kì í ṣe pé a ń ṣàṣejù. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú u jáde. Tí ìkòkò bá ti kúrò lójú ibi tó wà, àwọn awalẹ̀pìtàn ò ní lè sọ púpọ̀ mọ́ nípa rẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa sì fi fóònù ya fọ́tò kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Fọ́tò o, kì í ṣe fídíò ìjó.

Ọ̀kan nínú àwọn pásítọ̀ wa ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé kí a má lọ sọ ojúbọ àtijọ́ jí. Àlùfáà kan náà sọ irú rẹ̀. Mo gbọ́ yín. Kíkọ orúkọ kànga sílẹ̀ kì í ṣe ìbọ. Ẹ̀sìn kankan ò ní kí a má mọ ibi tí bàbá wa ti ń pọnmi.

Àwọn ọ̀dọ́ sì ń bi mí pé, ṣé owó wà níbẹ̀? Ṣé àwa náà lè ṣí páàkì kí èrò máa wá láti Èkó? Mi ò ní tàn yín. Lọ́jọ́ tí mo lọ sí Agongointo, àwa tó wá wò ó ò pọ̀, ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ sì tún ń rojọ́ pé ojú ààfin Abomey ni gbogbo èèyàn ń wò. Òjò ń ba ihò jẹ́, àwọn mìíràn ti ya lulẹ̀, títọ́jú yangí ń gba owó lọ́dọọdún. Ẹni tó bá tìtorí owó nìkan wọ ọ̀rọ̀ yìí, á sú u kí ọdún tó yípo. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú tíṣà wọn, wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pariwo sínú ihò kí ohùn wọn lè dá wọn lóhùn. Wọ́n mọ orúkọ Dakodonou. Mo bi ọmọ tèmi, ọmọ ọdún méjìlá, pé ta ló tẹ àdúgbò wa dó. Ó ní Google ò sọ.

Akọ̀wé ti ń wo aago, mo rí i. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a ti fa ìlà sí: orúkọ ibi, ibi tó wà, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ àgbà tó sọ ọ́. Kànga àtijọ́ ni ká kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ń jà sí kànga. Àwọn ìyá wa tí wọn ò fẹ́ kọ̀wé, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù ọmọ yín, ọmọ á fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ pe àwọn òbí yín nílé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi wọ́n, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ títì máa jókòó lórí ìwé kọntirátọ̀ ní ìpàdé wọn tó ń bọ̀, alága sì ti ní gbólóhùn tí mo sọ yẹn á wà lára ohun tí wọ́n máa jíròrò. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bọ́ sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìpàdé. Mo ní fọ́tò ihò náà nínú fóònù mi.